Kí Ni Yóò Kù Lẹ́yìn Wa Nílé Àwọn Ọmọ?

Ìgbà méjì ni àlejò máa ń pọ̀ jù lọ́dún ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí nílẹ̀ wa: ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún tí í ṣe Àyájọ́ Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, àti àsìkò Kérésìmesì. Ìrẹsì á dé, páálí indómì á dé, ankara á dé. Wọ́n á to àwọn ọmọ sórí ìlà, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbàdúrà, mọ́tò á sì ṣí. Tó bá fi máa di oṣù Kejì, ẹsẹ̀ á ti dá nínú ọgbà náà. N kò bẹnu àtẹ́ lu ẹni tó gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ aró ni mò ń ṣe ní Òṣogbo, àdìrẹ ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ tèmi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn lẹ́yìn lọ bá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọnà. Ohun tí mo ti rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n gbà pé bí a ó ṣe kúrò níbẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ múra fún, kí a tó máa ro bí a ó ṣe débẹ̀.

Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ: tí a bá ti lọ tán, kí ni yóò kù? Bí ó bá dáhùn pé "ayọ̀", mo máa ń ní kó tún un rò. Ayọ̀ tí àlejò gbé wá, àlejò náà ló sábà máa ń gbé e lọ. Ohun tí mò ń béèrè ni nǹkan tí ọmọ lè fọwọ́ mú, nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe láìsí wa níbẹ̀, àti àgbà kan nínú ilé náà tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ilé là ń wò, ká tó sọmọ lórúkọ. Kí n tó ra aṣọ, kí n tó wá ẹlú, mo máa ń lọ sí ilé náà fúnra mi. Mo ti máa ń kọ̀wé ṣáájú sí alábòójútó ibẹ̀ àti sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Wẹ́fíà. Ilé tó dára máa ń wádìí àlejò. Wọ́n á béèrè ẹni tí o jẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́, ohun tí o fẹ́ ṣe, àti àwọn tí o fẹ́ kó wá. Bí wọ́n bá ṣe ń bi mí léèrè tó ni ọkàn mi ṣe máa ń balẹ̀ tó. Ilé tó bá sọ pé, "Ẹ máa bọ̀ nígbàkúùgbà, ẹ kó iye tó bá wù yín wá, ẹ lè mú ọmọ tó bá wù yín jáde," n kì í padà síbẹ̀ mọ́, mo sì máa ń sọ ohun tí mo gbọ́ fún Wẹ́fíà.

Lẹ́yìn tí mo bá kí alábòójútó tán, ìyá tó ń dáná ni mo máa ń lọ jókòó tì, torí òun ló sábà ń mọ ilé náà jù. Ibo lomi ti ń wá? Ìgbà wo làwọn ọmọ ń ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ìgbà wo ni wọ́n ń fọṣọ, ibo ni ibòji wà lọ́sàn-án? Ta ló ní ikọ́ fée? Ara ta ló máa ń yún tí nǹkan bá kàn án? Àwọn wo ni ọmọ ìyá kan náà, tí a kò gbọ́dọ̀ pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Ọmọ wo ni kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun? Èsì ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì sí mi ju iye ọmọ tó wà nínú ilé náà lọ.

Ibẹ̀ náà ni a ó ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ tó wà nílé aláìlóbìí ni kò lóbìí. Ìyá ẹlòmíràn wà láyé, àìsàn tàbí òṣì ni kò jẹ́ kó lè tọ́ ọmọ. Bàbá ẹlòmíràn ń bẹ ní Èkó, ó kọ ọmọ sílẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ní ìyá àgbà tó máa ń wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2009 lórí àwọn ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí là á mọ́lẹ̀ pé òṣì nìkan kò tó ìdí láti gba ọmọ lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Mo máa ń ka ibẹ̀ sétí àwọn tó fẹ́ bá mi lọ, nítorí pé owó àlejò lè mú kí ilé kan máa wá ọmọ kún ọmọ. Ìdí nìyí tí n kì í fi í fún ilé kankan lówó ní iye orí ọmọ, tí n kì í sì í fi àwòrán ọmọ tọrọ owó. Ìdí náà nìyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi gbọ́dọ̀ bi ọmọ pé, "Bàbá ẹ ńkọ́?" Bó bá wù ú láti sọ ọ́, yóò sọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lọ. Etí ni ká fi gbọ́ ọ, ká má tọ pinpin rẹ̀.

Àwọn tó ń bá mi lọ ni mò ń lo àkókò lé lórí jù. Ọ̀dọ́ onínúure kò wọ́n wa: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì, àwọn agùnbánirọ̀, àwọn ọmọ wa tó wálé láti London tàbí Houston tí wọ́n fẹ́ ṣe nǹkan kan fún ilé baba wọn. Mo fẹ́ràn wọn. Síbẹ̀, kí èèyàn fẹ́ràn ọmọdé kò tó. Ẹni tí mò ń wá ni ẹni tó lè jókòó ti ọmọ fún wákàtí kan, tí ọmọ náà kò sọ̀rọ̀, tí òun náà kò sì gba iṣẹ́ náà ṣe fún un. Nínú ọgbà mi nílé ni mo ti máa ń dán wọn wò. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ọwọ́ òsì di òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ aṣọ, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti ń làágùn, màá rán ẹlòmíràn sí wọn pé kó gbà á bá wọn ṣe. Ojú wọn á yí padà lójú ẹsẹ̀. N kì í sọ nǹkan kan kún un.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń là yé wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké kan yóò sáré wá dì mọ́ wọn, wọn yóò pe ẹni tí wọn kò rí rí ní "Mọ́mì". Omi á lé ròrò sójú àlejò, á rò pé ìfẹ́ òun ló ti wọ ọmọ náà lára. Àwọn onímọ̀ tó ń tọpa àwọn ọmọ ilé ìtọ́jú ní ìlú Bucharest, lórílẹ̀-èdè Romania, láti ọdún 2000 ti kọ púpọ̀ nípa rẹ̀: ọmọ tí kò ní àgbà kan pàtó tó ń tọ́ ọ láti kékeré a máa tẹ̀ lé àjèjì láìbẹ̀rù, nítorí pé àjèjì àti ẹni tó mọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n sì rí i pé àwọn tí wọ́n tètè gbé fún ìdílé tó gbà wọ́n tọ́, pàápàá kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì, ṣe dáadáa ju àwọn tó kù sẹ́yìn lọ. Mo ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ mi pé kí wọ́n kí ọmọ tayọ̀tayọ̀, kí wọ́n bá a ṣeré. Ṣùgbọ́n bó bá ń wá ẹni tí yóò gbé òun pọ̀n, kí wọ́n fà á lọ́wọ́ lọ bá ìyá tó ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyá yẹn ni yóò wà níbẹ̀ ní òru tí ibà bá mú un.

Àwọn òfin yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. "Màá padà wá" kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni àfi tí a bá ti mọ ọjọ́ tí a ó padà. Kò sí ẹ̀bùn ìkọ̀kọ̀. Àgbà kan kì í dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Inú àpò kan ni fóònù gbogbo wa máa ń wà, ẹnì kan ló ń ṣọ́ ọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 dáàbò bo àṣírí ìgbésí ayé ọmọ, kò sì yọ ọmọ tí kò ní bàbá sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn là ń yà ní fọ́tò. Ojú wọn kì í ṣe tiwa láti máa pín kiri.

Ọ̀rọ̀ ohun èlò ni ọwọ́ mi ti máa ń yá jù. Àwọn ọ̀dọ́ á fẹ́ ká ra ọ̀dà ọlọ́pọ̀n-ọ́n inú páálí, kíréyọ́nù aláwọ̀ mẹ́rìnlélógún, àti àwọn nǹkan tó ń dán yinrinyinrin. Wọn kò burú. Àmọ́ wọ́n á tán kí a tó délé, ilé náà kò sì ní rówó ra òmíràn. Ohun tí ọmọ yóò kọ́ ni pé ọwọ́ àlejò ni iṣẹ́ ọnà wà. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ó wà ní ọjà ìlú rẹ̀ àti lẹ́yìnkùlé. Láfún tí a fi ń se ẹ̀kọ àdìrẹ wà nílé ìdáná. Iyẹ́ adìẹ máa ń wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa adìẹ. Òkúta wẹ́wẹ́ wà lójú ọ̀nà, ìko wà lọ́jà. Páálí indómì táwọn àlejò ọdún kó wá ń bẹ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Tí a bá tú u, inú rẹ̀ dára láti ya nǹkan sí ju bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ.

Aṣọ funfun olówùú ni mò ń rà. Mo máa ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kí n tó gé e, torí pé ohun tí ilé iṣẹ́ fi ń mú aṣọ tuntun le gbagidi kì í jẹ́ kí aró wọ̀ ọ́. Ìwọ̀n tí mò ń gé e sí ni èyí tí ọmọ lè tẹ́ sórí itan láìbá ẹnikẹ́ni du tábìlì. Láfún, a ó rò ó nínú omi, a ó fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, a ó sè é bí ẹ̀kọ tó ki, a ó jọ̀ ọ́ kí kóró má wà nínú rẹ̀, a ó jẹ́ kó tutù. Ọmọ yóò ki ìdí iyẹ́ adìẹ bọ inú rẹ̀, yóò fi kọ ohun tó bá wù ú sára aṣọ. Oòrùn á gbẹ ẹ́. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní dé ibẹ̀; bí a bá ha ẹ̀kọ náà kúrò níkẹyìn, ohun tí ọmọ kọ yóò yọ ní funfun. Ẹni tí kò tíì lágbára láti mú iyẹ́ dúró yóò di òkúta mọ́ aṣọ. Àwọn ọmọkùnrin kan máa ń sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Màá sọ fún wọn pé ní Abẹ́òkúta, ọkùnrin ló máa ń gé páànù tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ sáṣọ, wọn á sì sún mọ́ tòsí.

Ìkòkò aró nìkan ni kì í ṣe ti ọmọdé. Nínú aró òyìnbó, kọ́sítíìkì wà níbẹ̀, ó máa ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Ẹlú ìbílẹ̀ ni mò ń lò fún wọn: ewé tí a gún, tí a rọ bí òkìtì, tí a sá gbẹ, tí a wá rẹ sínú omi eérú. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó ṣeé rẹ aṣọ sí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilé ni mo ti ń pò ó wá. Síbẹ̀, omi eérú náà ń gé ọwọ́. Okùn ni a máa ń ta yí ìkòkò náà ká. Àwọn àgbà tó wọ ìbọ̀wọ́ nìkan ló ń wọ inú okùn náà, àwọn ọmọ á dúró lẹ́yìn okùn, wọ́n á máa wò. Ohun tí wọ́n ń dúró wò sì tó ìwòran. Aṣọ kò ní jáde ní búlúù. Àwọ̀ ewé tútù ni yóò kọ́kọ́ ní, ó fẹ́ pọ́n díẹ̀, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà láti etí aṣọ wọ àárín, ojú wọn kò ní kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi di búlúù. N kò tíì rí ọmọ tó rí i lẹ́ẹ̀kan tí kò ní kí a tún un ṣe.

Ọmọbìnrin kan wà, ó lè tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó fúnra rẹ̀ ṣa òkúta tirẹ̀, ó fọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ láti kékeré sí ńlá, ó wá ń dì wọ́n mọ́ aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi eyín fa ìko kó lè le dáadáa. Àǹtí agùnbánirọ̀ tó jókòó tì í nawọ́ láti bá a fà á. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn kẹ̀yìn sí i díẹ̀. Àǹtí ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Nígbà tí aṣọ náà gbẹ tí a tú ìko rẹ̀, àwọn òṣùpá funfun tò tẹ̀ léra lórí búlúù, láti kékeré dé ńlá, gẹ́lẹ́ bó ṣe tò wọ́n. Ó kà wọ́n. Ó wá bi mí pé, "Màmá, ta ló ni ín?" Mo ní, "Ìwọ lo ni ín." Ó wo aṣọ náà, ó tún wò mí, ó ní, "Títí dọ̀la?"

Nílé tí ọmọ pọ̀ sí, àjọni ni nǹkan. Ẹni tí bàtà bá bá lẹ́sẹ̀ mu ló ń wọ̀ ọ́. Aṣọ tí a fọ̀ lónìí, ẹlòmíràn lè wọ̀ ọ́ lọ́la. Kì í ṣe ìwà ìkà, ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣọ́wó ná ni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bá alábòójútó ṣe àdéhùn kí a tó gbéra rárá pé ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ní àpò aṣọ kan tó jẹ́ tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀, ìṣó tí yóò máa gbé e kọ́ lára ògiri, àti pé ẹnikẹ́ni kò ní mú ohun tó wà nínú rẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ilé kan kò bá lè ṣe ìlérí yìí, a ó tún jíròrò títí a ó fi rí ọ̀nà rẹ̀, kí n tó dá ọjọ́. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni a ó bi léèrè orúkọ tó fẹ́ kí a kọ síbẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ká kọ orúkọ tí ilé náà ń pè é. Ẹlòmíràn á dárúkọ kan tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò gbọ́ rí, a ó sì kọ ọ́ bó ṣe pè é.

Obìnrin kan wà tí mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn tó ń bá mi lọ, Friedl Dicker-Brandeis. Vienna ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1898, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ Bauhaus ní Weimar, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Júù ni. Nígbà tí àwọn Násì kó òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sí àgọ́ Terezín ní oṣù Kejìlá ọdún 1942, tó sì jẹ́ pé ẹrù díẹ̀ ni wọ́n gbà kí èèyàn gbé dání, ohun èlò iṣẹ́ ọnà ló fi kún ẹrù tirẹ̀. Nínú àgọ́ yẹn, nínú àwọn ilé tí wọ́n kó àwọn ọmọ tí wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ òbí sí, ló ti ń kọ́ wọn ní àwòrán. Bébà kò sí. Ẹ̀yìn ìwé ọ́fíìsì tí wọ́n ti lò ni wọ́n ń yà á sí. Ó máa ń ní kí ọmọ kọ orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1944, wọ́n mú un lọ sí àgọ́ Auschwitz, wọ́n sì pa á níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àwòrán bíi 4,500 wà nínú àpótí méjì tí wọ́n fi pamọ́ ní Terezín. Prague ni wọ́n wà báyìí, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Júù. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó yà wọ́n ni kò yè é. Nítorí pé orúkọ wà lára iṣẹ́ wọn, a mọ ẹni tó ya òdòdó yìí àti ẹni tó ya ilé yẹn. N kò fi ìyà tàwọn ọmọ wọ̀nyẹn wé ti ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń kọ́ lára rẹ̀ ni bó ṣe di ẹrù rẹ̀ àti ibi tó ní kí a kọ orúkọ sí.

Nítorí náà, n kì í fara mọ́ àwọn tó ní ká kó iṣẹ́ àwọn ọmọ lọ tà ní Èkó kí a lè fi owó rẹ̀ ran ilé náà lọ́wọ́. Ọkàn rere ló wà nídìí ìmọ̀ràn náà, mo mọ̀. Bí owó la bá ń wá, àwa àgbà tí iṣẹ́ yìí ti ń bọ́ ni ká ta tiwa. Tí ọmọ bá fẹ́ fi ọ̀kan nínú tirẹ̀ ta ẹnì kan lọ́rẹ, òun ló máa yan ẹni náà. Àwọn kan sì máa ń bi mí pé ṣé aró ni ọmọ tí kò ní bàtà ń wá. Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 1989, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1991, ka ìsinmi, eré àti iṣẹ́ ọnà mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Kí wọ́n ra bàtà náà o. Àmọ́ ọmọ tó jẹ́ pé gbígbà ni gbogbo ayé ń kọ́ ọ, mo ti rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tó ní nǹkan tí òun náà lè fún èèyàn, fún ìyá tó ń dáná tàbí fún àbúrò rẹ̀.

Kí ni a máa ní kí wọ́n yà? Mo ti sọ ohun tí a kì í béèrè. "Ya ìdílé rẹ" kò sí níbẹ̀, "ya ohun tó ń bà ọ́ nínú jẹ́" kò sí níbẹ̀. Aláró ni mí, n kì í ṣe dókítà ọkàn. Bí ọmọ bá ya ohun tó bà mí lẹ́rù, n kì í túmọ̀ rẹ̀, n kì í pe èrò jọ wò ó. Ìyá tó ń tọ́jú rẹ̀ ni mo máa ń sọ fún ní kọ́lọ́fín. Àlọ́ ìjàpá la fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà màá tẹ́ àwọn àdìrẹ àtijọ́ sílẹ̀, màá dárúkọ wọn: èyí Olókun, èyí Ìbàdàndùn, ẹ wo òpó gbọ̀ngán Mápó lára rẹ̀. Ẹnì kan ló sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín lórúkọ. Ọmọkùnrin kan fi iyẹ́ fa ìlà kún aṣọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó sì fi ẹ̀kọ kán tótòtó sáàárín wọn. Ó ní orúkọ rẹ̀ ni "Ibi Tí Iná Kì Í Lọ".

Nínú ìlú tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àpẹẹrẹ kan wà tí wọ́n máa ń fi yẹ̀ mí lọ́rọ̀ pé ọjọ́ díẹ̀ tó. Ní ọdún 1962 àti 1963, ní ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo, nílé Dúró Ládiípọ̀, olórí ẹgbẹ́ eré, ní Òṣogbo, Denis Williams, ọmọ Guyana, kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní yíya àwòrán. Ní 1964, Georgina Beier ló darí èyí tó tẹ̀ lé e, níbi tí àwọn ayàwòrán bíi Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì, Jimoh Buraimoh àti Adébísí Fábùnmi ti yọjú. Òótọ́ ni pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà kò pẹ́. Ṣùgbọ́n Georgina kò palẹ̀ mọ́ lọ lọ́jọ́ tó parí. Òun àti Ulli Beier, ọkọ rẹ̀, kò kúrò ní Nàìjíríà títí di 1966, ó ń rí iṣẹ́ wọn, ó ń wá ohun èlò fún wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sì ti níbi tí wọ́n ń lọ lójoojúmọ́, nínú ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀: Oyèlámì ń ṣeré, Buraimoh ń bójú tó iná orí ìtàgé. Ẹni tó bá fẹ́ fi Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ, kó ka ọdún tó tẹ̀ lé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà mọ́ ọn.

Oṣù Kejì ni mo fẹ́ràn láti lọ. Oòrùn máa ń mú, ẹ̀kọ ń tètè gbẹ, kò sì sí àlejò mìíràn. Ọjọ́ tí a bá dé la ti ń sọ ọjọ́ tí a ó lọ fún àwọn ọmọ. A ó fi páálí ṣe kàlẹ́ńdà, ọmọ kan ni yóò máa fa ìlà sí i lálaalẹ́, kò ní sí ẹni tí yóò jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí yóò kàn rí i pé a ti lọ. A kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lọ́jọ́ ìkẹyìn. A ó sá aṣọ sórí okùn, oníkálukú á dúró ti tirẹ̀, á pinnu èyí tó ń lọ sínú àpò.

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà ni mo máa ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ alábòójútó, kó lè jókòó tì wá láti òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ rẹ̀ yóò dúró, a ó san owó ẹni tí yóò bá a fọṣọ, bá a gbálẹ̀. Òun ni mò ń kọ́ gan-an. Mo máa ń fi ìkòkò, asẹ́, láfún àti aṣọ gígé sílẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń kọ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀kọ sórí páálí, lédè tí òun yóò tún kà tí yóò yé òun. Aró nìkan ni n kì í fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ á dì í, wọ́n á kọ ọ́, ọkọ̀ á gbé aṣọ wá bá mi ní Òṣogbo, màá rẹ ẹ́, màá dá a padà pẹ̀lú orúkọ tó wà lára kálukú.

Ilé tí a ti lọ rí la tún ń padà sí lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn tó ń bá mi lọ ti ń béèrè iṣẹ́ wọn, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti kọ gbogbo ohun tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ sínú ìwé. Mo ti sọ fún wọn pé òṣìṣẹ́ tó jókòó tì wá níjọ́sí ni yóò se ẹ̀kọ, òun ni yóò sì kọ́ àwọn ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tiwa ni ká pọnmi, ká ṣọ́ ìkòkò aró, ká sì fọ abọ́.